Ọmọ Ìyá Mi, Jẹ́ Ká Lọ sí Ìsọ̀ Ẹlẹ́mu ní Ìbàdàn Àtijọ́

Ọmọ ìyá mi, sún mọ́ mi dáadáa, etí méjèèjì ni kí o fi gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí o bá ń wá ibi tí wàá ti sinmi lópin ọ̀sẹ̀, tí gbogbo ilé fàájì olówó gọbọi ọ̀nà Bódìjà àti Ring Road sì ti sú ọ, wọ Máíkírà, kí o sọ fún awakọ̀ pé inú ìlú lò ń lọ. Ọjà Ọba, Bẹẹrẹ, Mápó, Bẹyẹrúnkà. Ìsọ̀ ẹlẹ́mu ni mo fẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lọ, èyí tó ṣì wà àti èyí tó ti parẹ́.

Mo mọ̀ pé o ti lajú sílẹ̀. Ọmọbìnrin tó níyì, nídìí ẹmu? Fara balẹ̀. Ọkùnrin ló ń gun ọ̀pẹ lóòótọ́, àmọ́ obìnrin ló sábà máa ń bu ẹmu fún oníbàárà. Obìnrin ló ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ọtí àgbàdo tí àwọn ìyá wa àgbà mọ̀ bí ẹní mowó. Lọ sí ibùdókọ̀ èyíkéyìí ní Ìbàdàn lónìí, kí o wo ẹni tó jókòó ti ìgò paraga. Obìnrin ni. Nídìí ọtí nílẹ̀ yìí, àwa la ni ìdí ìkòkò láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì yẹ kí a máa fi ìtìjú gba ibẹ̀ kọjá.

Kí n sì tètè jẹ́wọ́ fún ọ: ahá kan ni agbára mi. Bí mo bá ti mu ún tán, ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni mo máa ń bèèrè. Kì í ṣe ẹmu gan-an ló ń fà mí lọ. Ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu àwọn àgbà nídìí ẹmu ló ń fà mí. Ìsọ̀ ẹlẹ́mu ni ìlú ti máa ń rántí ara rẹ̀, ìwọ náà á sì rí i bí o bá tẹ̀ lé mi.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí aṣọ, torí mo mọ̀ ọ́. Má wọ funfun. Ẹmu máa ń ta sára, ibi tó bá sì gbẹ sí á le, á tún máa rùn. Ìró àti bùbá àdìrẹ ló dára jù. Bí o bá rí àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn rà, a jẹ́ pé o ti múra tán nìyẹn. Wò ó dáadáa kí o tó rán an: òpó gbọ̀ngàn Mápó wà lára ọnà tí àwọn aláàdìrẹ yà sí i. Ìwọ rò ó wò, kí o gbé Mápó wọ̀ lọ sí Mápó! Àwọn ìyá tó wà nídìí ọjà á kí ọ kí o tó kí wọn.

Bàtà pẹlẹbẹ ni kí o wọ̀. Òkè àti ọ̀gbun ni inú ìlú, kòtò sì wà láàárín agboolé. Báàgì tí wọ́n ń gbé kọ́ àyà ni kí o mú dání, pàápàá bí o bá fẹ́ gba Ọjà Ọba kọjá, torí èrò ibẹ̀ kò kéré. Mú owó kéékèèké lọ́wọ́. Ẹlẹ́mu gbà kí o fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, àmọ́ kò sóhun tó ń tètè ba ìgbádùn jẹ́ bíi kí gbogbo ìsọ̀ dákẹ́, kí wọ́n máa retí kí owó tí o fi ránṣẹ́ wọlé.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló kàn, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi í. Ẹmu kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tó bá ti ń kán sínú akèrègbè lókè ọ̀pẹ ló ti ń wú, torí ìwúkàrà tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára igi ti bọ́ sínú rẹ̀. Láàárín wákàtí méjì péré, agbára ọtí inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá bíà dọ́gba. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, á ti le. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá fi máa ṣú, ó ti ń kan, ọ̀nà ọtí kíkan ló ń lọ yẹn.

Nítorí náà, bí o bá fẹ́ ẹmu dídùn, dé ibẹ̀ kí oòrùn tó kàn àtàrí, nígbà tí ọ̀kadà ṣẹ̀ṣẹ̀ já kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sílẹ̀ láti ọ̀nà Àkànràn tàbí Ìdí Ayunrẹ́. Bí o bá fẹ́ ìtàn, ìrọ̀lẹ́ ni kí o lọ, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, tí àwọn àgbà ti tibi iṣẹ́ dé. Èmi máa ń fẹ́ ìrọ̀lẹ́. Mo máa ń kọ́kọ́ gun òkè Mápó, kí n dúró níbi tí mo ti lè rí gbogbo òrùlé páànù tó ti pọ́n lọ súà, kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Gbọ̀ngàn tó wà lórí òkè yẹn, 1925 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, 1929 ni wọ́n sì ṣí i. Ẹ̀ṣọ́ àwọn ọ̀gá òyìnbó ni nígbà náà, àmọ́ ti Ìbàdàn ni báyìí.

Báwo lo ṣe máa mọ ìsọ̀ ẹlẹ́mu? Má wá pátákó. Èyí tó dára kì í sábà ní pátákó. Wá àgọ́ tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò, bẹ́ǹṣì gígùn méjì mẹ́ta, kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ yẹ́lò tí ìfófòó ń yọ lẹ́nu wọn, àti eṣinṣin. Bẹ́ẹ̀ ni, eṣinṣin. Bí o bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta ẹmu tí eṣinṣin kan ṣoṣo kò bà lé e, bi ara rẹ léèrè ìdí rẹ̀. Oyin àti eṣinṣin mọ ẹmu gidi jù wá lọ.

Bí o bá ti dé, kí àwọn èèyàn kí o tó wá àga. Kúnlẹ̀ díẹ̀, kí o ní, "Ẹ kú ìjókòó o." Kí ìyá tó ń tà á pé, "Ẹ kú ọjà, ajé á wọ igbá o." Bí o bá bá adẹ́mu fúnra rẹ̀ níbẹ̀, ẹni tó ń gun ọ̀pẹ, kí i pé, "Igbà á rọ̀ o!" Ọmọ ìyá mi, àṣírí tó pọ̀ jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ tó mọ̀ ọ́n kí kò pọ̀ mọ́. Bí o bá ti sọ ọ́ jáde lẹ́nu, gbogbo ojú á yí sí ọ, ẹnìkan á sún, wọ́n á ní kí o wá jókòó. O kò tíì san kọ́bọ̀, o sì ti dọmọ ilé.

Wọ́n máa ń sọ pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. Ní ìsọ̀ ẹlẹ́mu, mo ti rí i pé òótọ́ ni.

Jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, kì í ṣe àárín. Má lọ ní ìwọ nìkan nígbà àkọ́kọ́. Mú ọ̀rẹ́bìnrin kan lọ́wọ́, tàbí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tí o fọkàn tán. Má gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ níwájú àwọn àgbà. Má yọ fóònù ya ẹnikẹ́ni láìbèèrè, torí ẹni tó jókòó níbẹ̀ lè jẹ́ bàbá alákòóso ṣọ́ọ̀ṣì kan, tàbí kó jẹ́ pé ó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun wà ní ìpàdé mọ̀lẹ́bí.

Ẹ̀mí ọ̀wọ̀ yìí kan ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn pẹ̀lú. Mùsùlùmí pọ̀ gan-an nínú ìlú, ọ̀pọ̀ agboolé ló sì wà tí ọtí kì í wọ̀. Má gbé kẹ́ẹ̀gì kọjá níwájú mọ́sálásí bí ẹni gbé àmì ẹ̀yẹ. Nínú oṣù Ràmàdáànì, lọ síbẹ̀ jẹ́jẹ́, tàbí kí o sún un síwájú. Ìlú yìí ti mọ bí Mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ṣe ń gbé pọ̀ tipẹ́tipẹ́. Ara ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé kóówá mọ ibi tí ó yẹ kó dẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ó yá, ẹmu dé. Bèèrè pé, "Ọ̀pẹ ni àbí ògùrọ̀?" Igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Orí ilẹ̀ líle ni ọ̀pẹ wà, inú àbàtà ni ògùrọ̀ fẹ́ràn. Èmi máa ń mu ẹmu ọ̀pẹ, ọ̀rẹ́ mi kan kò sì fẹ́ gbọ́ nípa nǹkan mìíràn ju ògùrọ̀ lọ. Tọ́ ọ wò, kí o mọ èyí tí ọ̀fun rẹ fẹ́.

Ẹlẹ́mu gidi á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò níṣojú rẹ. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, rẹ́rìn-ín músẹ́ kí o ní, "Ìyá, ẹ bá mi tọ́ ọ wò ná." Kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀, àṣà àtijọ́ ni. Lẹ́yìn náà, gba ahá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Fẹ́ ìfófòó orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹmu tó dára máa ń funfun bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì, ìfófòó kéékèèké á máa gun òkè nínú rẹ̀ bíi pé ó ń mí. Fi sẹ́nu, dúró díẹ̀. Adùn ẹmu máa ń kọ́kọ́ dé, á sì lọ, ìkan díẹ̀ á tẹ̀ lé e. Bí adùn bá lẹ̀ mọ́ ahọ́n rẹ, tí kò kúrò lẹ́yìn tí o ti gbé e mì, tó tún ń korò wẹ́rẹ́ lẹ́yìn, sákárìn ni wọ́n fi tún un ṣe. Gbé ahá sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o má mu ún mọ́.

Bí o bá fẹ́ gbé díẹ̀ lọ sílé, gbọ́ mi dáadáa: má dé ọmọrí ìgò pinpin! Ẹmu ṣì ń hó nínú ìgò, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á wú, ìgò á bẹ́ nínú báàgì rẹ, gbogbo ọkọ̀ á mọ ibi tí o ti ń bọ̀. Tú u díẹ̀, tàbí kí o fi ewé dí ẹnu rẹ̀ bí àwọn ẹlẹ́mu ti ń ṣe.

Kí lo máa jẹ? Má lọ pẹ̀lú ikùn òfo, mo bẹ̀ ọ́. Kọ́kọ́ jẹ àmàlà ní Bẹẹrẹ, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, kí ẹran ṣakí kan má ṣàìsí níbẹ̀. Nídìí ẹmu, pọ̀nmọ́ aláta tàbí ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n máa ń rà. Ọ̀yà yíyan ni èmi ń fẹ́. Bèèrè owó rẹ̀ kí o tó fọwọ́ kàn án, torí ọ̀yà ti di ọ̀wọ́n.

Bí o bá lóyún tàbí ò ń fún ọmọ lọ́mú, má mu ún rárá. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa kan á sọ fún ọ pé ẹmu ń mú omi ọmú wá. Ìfẹ́ ló mú kí wọ́n sọ ọ́, àmọ́ ọtí ni ọtí, àwọn oníṣègùn sì ti kìlọ̀. Ògì gbígbóná ni kí o mu dípò rẹ̀. Má sì wa ọkọ̀ lọ sílé lẹ́yìn tí o bá ti mu ẹmu. Ọ̀gógóró tí o kò mọ ibi tó ti wá ńkọ́? Má fẹnu kàn án. Ní 2015, ọ̀pọ̀ èèyàn kú ní Ìpínlẹ̀ Ondó àti ní Rivers torí ọ̀gógóró tí májèlé tí wọ́n ń pè ní methanol wà nínú rẹ̀, NAFDAC sì fòfin de títà rẹ̀ lọ́dún yẹn. Ẹmu tí o rí bí wọ́n ṣe bù ú, òun ni kí o mu.

Ní báyìí, ibi tí mò ń lọ gan-an nìyí. Jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ti parẹ́.

Ìsọ̀ ẹlẹ́mu inú ìlú ń dín kù, àwọn tó ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kò sì tó nǹkan. Wọ́n ń gé ọ̀pẹ láti kọ́ ilé. Wọ́n ń la ọ̀nà gbòòrò, àgọ́ imọ̀ sì ni wọ́n ń kọ́kọ́ wó. Odò Ògùnpa ya bo ìlú ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, omíyalé burúkú tó gba ẹ̀mí púpọ̀, tó sì gbé ilé àti ìsọ̀ etí odò lọ. Ọtí inú ìgò ní tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ṣíwájú: 1949 ni bíà Star àkọ́kọ́ jáde ní Ìgànmú l'Ékòó, díẹ̀díẹ̀ ni bíà-pálọ̀ sì gba ìjókòó lọ́wọ́ ahá. Nígbà tó di pé ọmọdé ń ra ọtí inú sáṣẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ta ló tún máa rìn lọ sí Bẹyẹrúnkà láti lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì?

Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ló dùn mí jù. Àgàdágídí, tí wọ́n ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà pípọ́n ṣe, náà ń lọ. Bí o bá mọ ìyá kan tó ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, jókòó tì í, kí o sì mú bírò àti ìwé dání.

Kí ìwọ náà lè mọ bí ìlú yìí ti ń dùn lálẹ́ tẹ́lẹ̀, jáde kúrò ní Mápó díẹ̀, kí o sọ̀ lọ sí Èkòtẹ́dó àti Òkè Bọ́lá. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti wọ Ìbàdàn ní 1901 ni àlejò ti ń ya dé, ìhà ibẹ̀ sì ni ilé ijó oníná mànàmáná fìdí kalẹ̀ sí. West African Club ní Èkòtẹ́dó ni Tunde Nightingale, ẹni tí ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí ti ẹyẹ, ti fi orin jùjú dá àwọn èèyàn lára yá. Paradise Club ni Eddy Okonta ti ń fọn fèrè rẹ̀. Independence Hotel, Òkè Bọ́lá, ni Orlando Julius àti ẹgbẹ́ Modern Aces rẹ̀ ti ń ṣeré kí àwo Super Afro Soul tó jáde ní 1966. Bí ìyá rẹ tàbí ìyá rẹ àgbà bá jẹ́ ọmọge ní Ìbàdàn láyé ìgbà yẹn, ó ṣeé ṣe kó mọ ọ̀kan nínú wọn, àmọ́ kò ní sọ fún ọ bí o kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń bèèrè.

Má gbàgbé Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà. 1961 ni Ulli Beier àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, Wole Soyinka, Chinua Achebe, Christopher Okigbo àti J.P. Clark wà nínú wọn. Ilé oúnjẹ àwọn ará Lẹ́bánónì kan nítòsí Dùgbẹ̀ ni wọ́n gbà, wọ́n sọ ọ́ di ibi àwòrán, ìwé, eré orí ìtàgé àti ìjókòó. Ìwọ ronú sí i: láàárín ariwo ọjà Dùgbẹ̀ ni àwọn tí gbogbo ayé wá mọ̀ lẹ́yìn ọ̀la ti ń jókòó yí tábìlì ká. Ibẹ̀ ni Duro Ladipo, eléré ìtàgé, ti rí irú nǹkan tó lọ dá sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962 tó pè ní Mbari Mbayo.

Ẹmu náà kò ṣàì dé ìwé. Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta tó lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ní Ìbàdàn tó sì kú síbẹ̀ ní 1997, òun ló kọ The Palm-Wine Drinkard tí wọ́n tẹ̀ jáde ní London ní 1952. Nínú ìtàn náà, ọkùnrin kan ń mu kẹ́ẹ̀gì 150 láàárọ̀ àti 75 lálẹ́, adẹ́mu rẹ̀ sì já bọ́ látorí ọ̀pẹ ó kú, ni ó bá wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé e lọ sórí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn pẹ̀lú èdè Yorùbá, ó pè é ní Lánkẹ́ Ọ̀mùtí. Bí o bá ń lọ sí ìsọ̀ ẹlẹ́mu, dárúkọ Lánkẹ́ níbẹ̀. Àgbà kan á ti máa rẹ́rìn-ín kí o tó parí rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ti ṣí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ bíbèèrè ni mo fẹ́ kí o mú lọ sílé jù. Má lọ bá àgbà kan kí o ní, "Bàbá, àwọn ilé ọtí wo ló ti parẹ́?" Bàbá á wò ọ́, á rò pé ìjọba ló rán ọ. Báyìí ni kí o ṣe bèèrè: "Bàbá mi, nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, níbo lẹ ti máa ń fara balẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́?" Lẹ́yìn náà ni kí o bèèrè ẹni tó ń kọrin níbẹ̀. Orin máa ń fa orúkọ àdúgbò jáde, orúkọ àdúgbò á fa orúkọ onísọ̀, títí wọ́n á fi dé orí ẹni tó ń jẹ gbèsè.

Àmọ́ àwọn tó mọ ìtàn náà jù kò sí lórí bẹ́ǹṣì. Ìyàwó àwọn tó ń jókòó síbẹ̀ ni. Jọ̀ọ́, gbọ́ mi. Ìyá tó ti ń gbé agboolé kan ní Bẹyẹrúnkà láti ìgbà ìyàwó, òun ló mọ gbogbo ibi tí ọkọ rẹ̀ ti máa ń pẹ́ lálẹ́. Òun ló rán ọmọ lọ pè é wálé. Òun ló mọ ìyá ẹlẹ́mu tó ń fún ọkọ rẹ̀ láwìn, òun náà ló sì lọ san án. Jókòó tì í nígbà tó bá ń ṣa ewédú, kí o bá a ṣa á, kí o ní, "Màámi, níbo ni bàbá ti máa ń pẹ́ jù?" Á kọ́kọ́ ṣe ẹnu ṣíùn. Lẹ́yìn náà, á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ìsọ̀ abẹ́ igi tí wọ́n gé, ìsọ̀ ẹ̀yìnkùlé tí ilé alájà dé sórí rẹ̀, èyí tí onítọ̀hún kú tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbà á ṣe. Nígbà míì, ojú pépà kì í tó fún mi láti kọ gbogbo rẹ̀.

Ohun tí mò ń sọ yìí kì í ṣe àṣejù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìhà àríwá wọn níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ òwú ti kógbá wọlé, àwọn èèyàn wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ìfẹ́ ṣe ni kí wọ́n máa rìn láti ilé ọtí àdúgbò kan sí èkejì, kí wọ́n máa kọ èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó ti di ilé gbígbé sílẹ̀. Ní 1971, àwọn ọkùnrin mẹ́rin péré ló jókòó dá ẹgbẹ́ CAMRA sílẹ̀ láti dáàbò bo bíà ìbílẹ̀ wọn, ó sì ti di ẹgbẹ́ ńlá lónìí. Ta ni yóò ṣe tiwa fún wa? Ẹni tó ń ka èyí ni.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí, ó rọrùn. Mo ní ìwé kékeré kan tó ń gbé inú báàgì mi. Ojú ìwé kan fún ìsọ̀ kan. Mo ń kọ orúkọ tí wọ́n ń pè é, àmì ibi tó wà (ẹ̀yìn ọjà, ẹ̀gbẹ́ kànga, ìsàlẹ̀ Mápó), ẹni tó ń tà á, ohun tí wọ́n ń tà, orin tí wọ́n ń gbọ́, àti ohun tó wà níbẹ̀ báyìí. Bí o bá bèèrè lọ́wọ́ ẹni méjì tí ọ̀rọ̀ wọn kò dọ́gba, kọ méjèèjì. Orúkọ ẹni tó bá ní kí o má kọ òun, má kọ ọ́. Fóònù lè gba ohùn sílẹ̀ fún ọ bí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìwé ni mo fọkàn tán.

Ìwọ á rí i pé lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìlú á yí padà lójú rẹ. Ibi tí ò ń gbà kọjá láìwò ó á ní orúkọ. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta fóònù nísàlẹ̀ yẹn, wàá mọ̀ pé ẹlẹ́mu kan jókòó níbẹ̀ rí, tí àwọn ọdẹ máa ń wá bá a kí wọ́n tó lọ sóko. Èmi ò gba gbogbo ìtàn tí mo gbọ́ gbọ́, torí ẹmu ń mú kí ẹnu gùn. Àmọ́ mo gba ìdùnnú tó wà lójú ẹni tó ń sọ ọ́ gbọ́, ó sì tó mi.

Ìkìlọ̀ kan kù. Má sọ ìsọ̀ tí o fẹ́ràn di ibi tí gbogbo èèyàn ń ya fọ́tò. Mo mọ ọ̀kan tó ti rí bẹ́ẹ̀, owó ẹmu lọ sókè, àwọn bàbá tó ń jókòó níbẹ̀ sì ṣí lọ. Fún ìsọ̀ tí o fẹ́ràn ní owó rẹ, fún un ní ìkíni rẹ, mú ọ̀rẹ́ gidi kan lọ síbẹ̀. Ohun tó ń mú ìsọ̀ dúró kò ju oníbàárà tó ń padà wá lọ.

Nítorí náà, lópin ọ̀sẹ̀ yìí, kí o tó wá mi wá láti bèèrè ọ̀nà Bẹyẹrúnkà, kọ́kọ́ lọ bá ìyá àgbà kan nínú ẹbí rẹ tó gbé inú ìlú. Ra ewédú dání. Bi í níbi tí ọkọ rẹ̀ ti máa ń pẹ́, kí o sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ kó o tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.